Ẹ Gbàdúrà Nínú Ọkọ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Onígbàgbọ́ Mọ̀ Nípa Ìkọlù Ọkàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí pé èmi fúnra mi ní ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè pa ẹlòmíràn lọ́la.

Òru ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A wà nínú ìṣọ́ òru. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, bàbá kan tí wọ́n jẹ́ akápò ìjọ wa nígbà náà, ẹni ọdún 58, kúrò láàárín àwọn tí ń gbàdúrà, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n fi ọwọ́ di àárín àyà mú. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ènìyàn gbé àpò sìmẹ́ńtì lé àwọn láyà. Òógùn ń ṣàn lára wọn, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ lórí wọn. Wọ́n ní apá òsì ń ro àwọn, ìrora náà sì ń gòkè lọ sí àgbọ̀n.

Ẹnì kan ní ọgbẹ́ inú ni, arábìnrin kan sì mú oògùn ọgbẹ́ inú jáde nínú báàgì rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọfà ọ̀tá ni, pé ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ inú ìṣọ́ òru ló ti bà wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn gba ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yìí gbọ́. A yí bàbá náà ká, a sì gbàdúrà kíkankíkan. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago kan òru, wọ́n ní ara ti ń tu àwọn díẹ̀. A kọrin ọpẹ́. A tẹ́ ẹní fún wọn, a sì ń bá ìṣọ́ òru lọ títí di aago márùn-ún ìdájí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò lè dìde. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti kọjá kí a tó gbé wọn dé ilé-ìwòsàn. Dókítà ọ̀dọ́ kan fi ẹ̀rọ yẹ lílù ọkàn wọn wò. Ó wo bébà tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde, ó yíjú sí mi, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni ìrora yìí bẹ̀rẹ̀?" Mo ní aago mọ́kànlá alẹ́ àná. Kò dá mi lẹ́bi. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá náà kò kú lọ́jọ́ náà, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ nínú ẹran ọkàn wọn ti kú. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ó lọ síbi pẹpẹ láìdúró mí. Ẹsẹ̀ wọn ń wú. Wọn kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sùn nínú Olúwa. Nígbà tí ìsìnkú parí, ìyàwó wọn bi mí ní ìbéèrè kan. Màmá kò fi ìbínú bi mí: "Pásítọ̀, ká ní a ti gbé wọn lọ ní aago mọ́kànlá yẹn ńkọ́?"

N kò rí èsì fún wọn. Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi lọ jókòó ti àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìjọ wa, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÀYÀ?

Nígbà tí àwa oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn, ibi tí èrò àti ìfẹ́ ènìyàn wà ni a máa ń sọ. Ọkàn tí mo ń sọ lónìí ni èyí tí ó jẹ́ ẹran, tí ó tó ìkúùkù ènìyàn, tí ó wà nínú àyà, tí ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara. Kì í sinmi lọ́sàn-án, kì í sinmi lóru.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pọn omi fún gbogbo ilé, òun náà gbọ́dọ̀ mu omi. Ọkàn pàápàá nílò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ ọ, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, èyí tí ó wà ní òsì sì tún pín sí méjì. Ihò inú wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti sitóró tí àwọn ọmọdé fi ń mu mínírà lọ.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá máa ń kóra jọ sára iṣan wọ̀nyí, bí ìdọ̀tí ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá máa ń mú kí ó yára. Ẹni tí ó ní in lè má mọ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan, awọ tí ó bo ọ̀rá náà á ya. Ẹ̀jẹ̀ á rò pé ọgbẹ́ ni, á sì dì síbẹ̀ kí ó lè dí ojú ọgbẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́dàá ti ṣètò pé kí ó máa ṣe nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣan tóóró yìí, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì náà á dí ọ̀nà pa. Apá ọkàn tí iṣan náà ń bọ́ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní hàátì atáàkì, tí àwa ń pè ní ìkọlù ọkàn.

Ẹran ọkàn náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ikú náà á sì máa tàn káàkiri fún wákàtí bíi mélòó kan. Èyí tí ó bá ti kú kò tún ní hù mọ́. Àpá ni yóò dà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé.

NÍGBÀ TÍ ỌWỌ́ DÓKÍTÀ ṢÓFO

Ní ọdún 1912, James Herrick, dókítà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ọkàn ènìyàn, kí onítọ̀hún má sì kú lójú ẹsẹ̀. Ìsinmi pátápátá lórí ibùsùn ni ó dámọ̀ràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìyẹn gan-an ni ìtọ́jú: kí aláìsàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí a fún un ní oògùn ìrora, kí a sì máa wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo Dwight Eisenhower, ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, ó wà ní ìsinmi ní ìlú Denver nígbà tí ìrora àyà jí i lóru. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníròyìn ni pé inú ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn ológun. Ó lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó sì tún wọlé ìbò ní 1956.

Ẹ kíyè sí i. Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó ní dókítà tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n pe ìkọlù ọkàn rẹ̀ ní inú dídùn. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé àwa náà pe ti akápò wa ní ọgbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ní 1955, bí wọ́n tilẹ̀ tètè mọ̀, kò sí ẹni tí ó lè ṣí iṣan tí ó ti dí. Nígbà tiwa, Ọlọ́run ti fún ènìyàn ní ọgbọ́n láti ṣí i.

BÍ ÌLẸ̀KÙN ṢE ṢÍ

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, Werner Forssmann, ní 1929. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó gbàgbọ́ pé ènìyàn lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan apá dé inú ọkàn láìpa onítọ̀hún lára. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó bá ṣe é fún ara rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú ara, kí wọ́n lè rí i pé rọ́bà náà ti dé ọkàn lóòótọ́. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1956, òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀.

Ní 1977, ní ìlú Zurich ní ilẹ̀ Switzerland, Andreas Grüntzig gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti ti bàlúùnù kékeré kan wọ inú iṣan ọkàn ọkùnrin kan tí iṣan rẹ̀ ti fún. Ó fẹ́ bàlúùnù náà, ó fi ti ọ̀rá náà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì yọ ọ́ jáde. Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Wọn kò la àyà rẹ̀. Ní 1986, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin híhun kékeré kan tí a ń pè ní stent sílẹ̀ nínú iṣan, kí ó lè máa dì í mú kí ó má baà tún fún.

Títí di nǹkan bí 1980, àwọn dókítà ṣì ń jiyàn bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ń fa ìkọlù ọkàn, tàbí ìkọlù ọkàn ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lọ́dún náà, Marcus DeWood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ya àwòrán iṣan ọkàn àwọn tí ìkọlù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá. Nínú 126 tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín wákàtí mẹ́rin, iṣan 110 ti dí pátápátá. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ sí í parí. Bí ọ̀nà bá dí, kí a ṣí i.

Ní 1986, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì kéde àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn aláìsàn tí ó lé ní 11,000. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn streptokinase, èyí tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Àwọn tí ó gbà á láàárín wákàtí kìíní ni ó ṣe láǹfààní jù lọ. Fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, wọn kò rí àǹfààní kankan. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo pa ìwé náà dé. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, wákàtí mélòó ni?

Ní 1988, ìwádìí tí ó tún tóbi ju èyí lọ jáde, lórí àwọn aláìsàn 17,187. Wọ́n fi streptokinase wéra pẹ̀lú aspirin, hóró oògùn tí kò wọ́n, tí ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn. Nínú 100 ènìyàn tí kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa bí 13 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú 100 tí ó gba méjèèjì, ó pa 8. Aspirin nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó oògùn kejì. Ẹ jẹ́ kí a yin Olúwa, ẹni tí ó lè fi ohun kékeré gba ẹ̀mí là.

Lónìí, níbi tí irinṣẹ́ bá wà, bàlúùnù àti stent ni wọ́n máa ń sáré lò fún ẹni tí iṣan rẹ̀ dí pátápátá, wọ́n sì ń gbìyànjú láti ṣí i láàárín 90 ìṣẹ́jú tí ó bá wọlé. Níbi tí kò bá sí i, tí kò sì ṣeé ṣe láti tètè gbé aláìsàn lọ síbi tí ó wà, abẹ́rẹ́ tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n máa ń fún un, láàárín 30 ìṣẹ́jú bí ó bá ṣeé ṣe. Ní orílẹ̀-èdè wa, ìlú ńlá bíi Èkó àti Abuja ni bàlúùnù yìí pọ̀ sí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà, aspirin àti abẹ́rẹ́ yìí ṣì ṣe pàtàkì gan-an fún wa.

Àwọn nǹkan kan sì ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹni tí àyà ń dùn ni wọ́n máa ń fi atẹ́gùn ọ́síjìn sí nímú. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Sweden ní 2017 fi hàn pé kò ràn ẹni tí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí dókítà kò bá fi sí ẹni yín nímú, ẹ má rò pé wọn kò náání rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ rí nínú gbogbo ìtàn yìí. Gbogbo oògùn àti ẹ̀rọ wọ̀nyí, àkókò ni wọ́n ń bá sáré. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ni aago dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí tí ó wà ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ àwa tí a wà lọ́dọ̀ aláìsàn ni ó wà.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Ìrora, ìnira tàbí ìwúwo ní àárín àyà, bí ẹni pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ tàbí pé nǹkan fún un, tí ó ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tàbí tí ó ń lọ tí ó sì ń padà. Ó lè lọ sí apá, èjìká, ẹ̀yìn, ọrùn tàbí àgbọ̀n. Òógùn tútù lè bò ó. Èémí lè má délẹ̀. Inú lè máa rìn ín, ó sì lè bì. Òòyì lè máa kọ́ ọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni àyà máa ń dùn gógó. Àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ lè kàn rí i pé èémí kò tó, pé ó rẹ àwọn lójijì ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí pé òkè inú ń dùn wọ́n. Ẹ má sọ fún màmá àgbà pé iṣẹ́ ilé ló pọ̀ jù.

Kì í ṣe gbogbo àyà dídùn ni ìkọlù ọkàn. Ọgbẹ́ inú wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ni yóò fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ ECG tí ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi hàn bóyá ẹran ọkàn ti ń kú, ni yóò sọ ọ́. Ó sàn kí dókítà ní kí ẹ máa lọ sílé, pé ọgbẹ́ inú lásán ni, ju kí a máa fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti dí ní oògùn ọgbẹ́ inú lọ. Bí ara bá sì tu onítọ̀hún díẹ̀, ẹ má tìtorí ìyẹn dúró. Ara tu akápò wa náà ní aago kan òru.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Ẹ tú aṣọ tí ó fún un. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn kiri, ẹ má sì rọ òróró tàbí omi sí i lẹ́nu.

Èkejì, kí ẹnì kan wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. Ní Èkó, 767 náà wà. Bí ọkọ̀ ilé-ìwòsàn kò bá ní tètè dé, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tí ó bá wà nítòsí. Kí aláìsàn má wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London, 999 ni ẹ ó pè. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, 911. Ẹ má kọ́kọ́ pe pásítọ̀. Ẹ pè mí nígbà tí ẹ bá ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, bí aspirin bá wà nítòsí, kí ó run ún lẹ́nu kí ó tó gbé e mì: hóró kan tí ó jẹ́ 300 mílígíráàmù, tàbí mẹ́rin nínú èyí tí ó jẹ́ 75. Ẹ má fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba aspirin, tàbí tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí dókítà ti kà á léèwọ̀ fún. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí apá kan kò ṣeé gbé, rọpárọsẹ̀ ni ó lè jẹ́. Ẹ má fún un ní aspirin rárá, ẹ sáré gbé e lọ. Ẹ má sì fi wíwá aspirin fa àkókò gùn.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá dákú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ọkàn rẹ̀ lè ti dúró. Ẹ má máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Láti 1960 ni àwọn dókítà ní ìlú Baltimore ti fi hàn pé ọwọ́ méjì lásán lè máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn tí ó dúró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé èkejì ní àárín àyà rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé gidigidi, kí ó wọlé tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Kí gbogbo ìjọ pe nọ́ọ̀sì kan wá láti kọ́ àwọn asọ́nà wọn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ fún dókítà ní aago tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, àti oògùn tí ó ti lò.

ÀDÚRÀ ŃKỌ́?

Mo gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́. Mo ti wàásù rẹ̀, mo ti rí i, n kò sì ní dẹ́kun láti wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka Bíbélì wa dáadáa. Nínú Isaiah 38, Hesekiah ọba gbàdúrà pẹ̀lú ẹkún, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìdáhùn ti dé, wòlíì Isaiah kan náà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo náà. Wòlíì kò rò pé ọ̀pọ̀tọ́ náà ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Nínú Luku 10, àlùfáà àti ọmọ Lefi kọjá lára ẹni tí wọ́n lù. Ará Samaria ni ó da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀, tí ó gbé e ka orí ẹranko ara rẹ̀, tí ó gbé e dé ilé èrò, tí ó sì san owó. Ó lè jẹ́ pé àlùfáà yẹn gbàdúrà fún un bí ó ti ń kọjá lọ. Bíbélì kò sọ. Ohun tí Jésù ní kí a lọ ṣe bákan náà ni ti ẹni tí ó gbé e. Luku tí ó kọ ìtàn náà sì jẹ́ oníṣègùn, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú Kolosse 4:14.

Ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí àdúrà kò ti lè gòkè. Ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀. Ẹ gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú. Kí ìjọ tí ó kù lẹ́yìn gbàdúrà di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn má ṣe jẹ́ ẹni tí ń dúró de àmín wa.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ PADÀ SÍLÉ

Ẹni tí ìkọlù ọkàn bá ti ṣe yóò máa lo oògùn: èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, àti èyí tí ń dín iṣẹ́ ọkàn kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí ayé ni. Ẹ má dà wọ́n nù lẹ́yìn ìsọjí. Ẹni tí ó ní stent tí ó sì ṣàdédé dá oògùn rẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ lè tún dì nínú irin náà, kí ó sì pa á. Bí Olúwa bá ti wò ọ́ sàn pátápátá, dókítà rẹ yóò rí i nínú àyẹ̀wò, òun ni yóò sì ní kí o dá a dúró. Kí o tó gba ààwẹ̀, bi í bí o ṣe lè lo oògùn rẹ. Ẹni tí kò sì ní àrùn ọkàn, kí ó má máa dá aspirin lò lójoojúmọ́ láìbéèrè, nítorí pé ó lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀.

Kí ó má baà ṣẹlẹ̀ rárá ni ó dára jù. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2004, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé ohun mẹ́sàn-án péré ni ó wà nídìí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ìkọlù ọkàn. Sìgá wà nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá, àìṣe eré ìmárale, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àti ìdààmú ọkàn. Ọ̀pọ̀ wa kì í mu sìgá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò lọ́dún yìí? Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

ÈSÌ ÌBÉÈRÈ MÀMÁ

Nínú ìjọ wa nísinsìnyí, a kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ òru láìjẹ́ pé a ti yan ọkọ̀ kan àti ẹni tí yóò wà á. Aspirin wà nínú àpótí àwọn asọ́nà. A ti lọ béèrè ilé-ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ ECG àti dókítà lóru, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ní ọdún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun arábìnrin kan tí ń ta aṣọ, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń lọ lọ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀. Ìkọlù ọkàn ni lóòótọ́. Wọ́n fún un ní oògùn lásìkò. Ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó ń jẹ́rìí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn ìjẹ́rìí yẹn, mo lọ bá ìyàwó akápò wa nílé. Mo ní, "Màmá, mo ti rí èsì ìbéèrè tí ẹ bi mí. Ká ní a gbé wọn lọ ní aago mọ́kànlá, n kò lè sọ pé wọn ì bá wà láàyè lónìí. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ì bá rí nǹkan ṣe. Èmi ni mo fi àkókò yẹn ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí." Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, mo ti foríjì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ẹ kọ ọ́ kí àwọn ẹlòmíràn kà á."

Mo ti kọ ọ́. Ẹ kà á fún àwọn ará ilé yín lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí ọkọ̀ tí ẹ ó pè àti ilé-ìwòsàn tí ẹ ó lọ. Olúwa tí ó dá ọkàn yín yóò pa á mọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.